Etí Kò Wà fún Ìgbọ́ràn Nìkan

Bí ọmọ bá ru garawa omi gun òkè Ọ̀kà tí kò sì ṣubú, iṣẹ́ ńlá ni ara rẹ̀ ń ṣe. Ojú ń wo ọ̀nà, ẹsẹ̀ àti oríkèé ń sọ bí ilẹ̀ ti rí, etí sì ń sọ ibi tí orí yí sí. Ọpọlọ ni ó ń kó ìròyìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí ó sì ń pàṣẹ fún iṣan.

Nínú etí lọ́hùn-ún, ihò wẹ́wẹ́ mẹ́ta wà tí ó tẹ̀ bí ọrun, tí omi kún inú wọn. Bí orí bá yí, omi náà a fà sẹ́yìn díẹ̀, àwọn irun tín-ín-tìn-tín a sì ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ìdí nìyí tí òòyì fi ń kọ́ ọmọdé tí ó ń pòòyì tí ó sì dúró lójijì: òun ti dúró, omi etí rẹ̀ kò tíì dúró. Ẹ̀yà tí a fi ń gbọ́ràn kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Nítorí náà, ohun tí ó bá ba ọ̀kan jẹ́ lè ba èkejì jẹ́.

Lára wọn ni àrùn yírùnyírùn, abẹ́rẹ́ gentamicin àti streptomycin tí dókítà kò mójú tó, àti ibà Lassa. Ọdún 1969 ni a kọ́kọ́ dá ibà yìí mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ìhà Borno. Lónìí, ní Ọ̀wọ̀ tí ó múlé gbè wá ni ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti ń tọ́jú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú mẹ́rin tí ó bá yè é, etí ẹnì kan a máa di. Nǹkan bí ìdajì wọn ni ó tún ń gbọ́ràn díẹ̀ láàrin oṣù kan sí mẹ́ta. Àwọn mìíràn a máa ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n fún ìgbà díẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn.

Bí irú èyí bá dé, a kì í pẹ́ wí pé ayé ni ó ṣe é. Àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Kí àdúrà bá aláìsàn dé ilé-ìwòsàn, kí ó sì yá. Kí a bo gàrí àti èlùbọ́, kí eku má baà tọ̀ sí i. Kí a má ki ìyẹ́ adìyẹ bọ etí. Kí a dín ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn kù, títí kan ti ilé ìjọsìn wa.

Ọmọ tí a pè tí kò dáhùn lè máà jẹ́ alágídí. Kí olùkọ́ mú un jókòó síwájú, kí òbí sì mú un lọ fún àyẹ̀wò etí.