Lẹ́tà Ajọfọwọ́kọ: Ìtumọ̀ àti Ìlò Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé lórí iṣẹ́ ìtẹ̀wé sí èdè Yorùbá yóò bá irú lẹ́tà kan pàdé tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó dà bí ẹni pé ọwọ́ ni a fi kọ ọ́. Bí a bá pè é ní ‘lẹ́tà ìfọwọ́kọ’, a ó ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí a fi dábàá ‘lẹ́tà ajọfọwọ́kọ’.

Àpẹẹrẹ kan ni Snell Roundhand tí Matthew Carter, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fún ilé-iṣẹ́ Linotype, tí ó sì jáde ní 1966. Ìkọ̀wé Charles Snell (1667–1733), olùkọ́ ìkọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ó tẹ̀ lé. Gègé ìyẹ́ ni wọ́n fi ń kọ̀wé nígbà náà. Bí òǹkọ̀wé bá tẹ gègé bí ó ti ń fà á wá sísàlẹ̀, ẹnu gègé a là, ìlà a sì nípọn. Bí ó bá ń fà á lọ sókè, ọwọ́ a fúyẹ́, ìlà a sì tín-ín-rín.

Ó ṣòro láti fi òjé ṣe irú lẹ́tà yìí. Orí òjé onígun mẹ́rin ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa ń wà. Apá tí ó bá yọ síta nínú lẹ́tà tí ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan a sì máa tètè kán. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí fi ìmọ́lẹ̀ ya lẹ́tà sórí fíìmù, òjé tí ń dínà kò sí mọ́, lẹ́tà sì lè so mọ́ lẹ́tà láìsí àlàfo.

Ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí àti àkọlé ni lẹ́tà yìí yẹ fún. Kò yẹ fún ìwé gígùn, nítorí pé ó máa ń rẹ ojú. A kò sì gbọdọ̀ fi lẹ́tà ńlá rẹ̀ nìkan kọ odidi ọ̀rọ̀: ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni a ṣe wọ́n fún, ìrù ọ̀ṣọ́ wọn a sì máa lọ́ mọ́ra.

Ní ti èdè wa, àwọn àmì ni ìṣòro gan-an. Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ìlà ìsopọ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nítòsí àmì abẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá fara kanra, àmì náà yóò sọnù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán: lórí ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, ‘ọkọ’ tí kò ní àmì abẹ́ ti di ‘oko’. Bákan náà, àmì ohùn lè há mọ́ ìrù lẹ́tà tí ó wà ní ìlà òkè. Nítorí náà, kí olùṣètò ìwé fi àyè tí ó tó sílẹ̀ láàrin ìlà, kí ó lo kíún róbótó lábẹ́ lẹ́tà dípò ìlà kékeré, kí ó sì kọ́kọ́ fi ‘ọ̀pọ̀lọpọ̀’ dán ìrísí náà wò. Èyí tí kò bá lè gbé ọ̀rọ̀ yìí láìsọ àmì kan nù, kí a fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá

Ìrísí lẹ́tà: àwòṣe kan náà tí a fi ṣe gbogbo lẹ́tà ìtẹ̀wé kan.
Lẹ́tà ajọfọwọ́kọ: lẹ́tà ìtẹ̀wé tí ó jọ èyí tí a fọwọ́ kọ.
Ìlà ìsopọ̀: ìlà tín-ín-rín tí ó so lẹ́tà méjì pọ̀.
Ìrù ọ̀ṣọ́: ìlà tí a fà gùn lára lẹ́tà fún ẹwà nìkan.