Etí, Imú, Ọ̀fun: Ẹ Má Jẹ́ Kó Pẹ́

 

Yorùbá ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bà jẹ́. Lọ́jà tiwa ńkọ́? Etí tí kò gbọ́ ń pàdánù owó ni. Oníbàárà á ná iye kan, iye mìíràn la ó gbọ́. Ọlọ́kadà á máa fun fèrè lẹ́yìn wa, a ò ní mọ̀.

Àwọn ilé ìwòsàn ńlá, bíi UCH n'Íbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun pọ̀, torí inú wọn já síra. Nínú àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, àìsàn etí ló ń pọ̀ jù. Ohun tó dùn wá ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe é dènà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2016 pé nínú ọmọdé 10 tí etí wọn kò gbọ́ dáadáa, nǹkan bí 6 ni ohun tó fà á ṣe é dènà.

ETÍ: Ọ̀nà tóóró kan wà láti ẹ̀yìn imú wọ inú etí. Ti ọmọdé kúrú, kò sì dà gẹ̀rẹ́ bíi ti àgbà, nítorí náà ọ̀fìnkìn máa ń tètè gbabẹ̀ wọlé. Á di ọyún, ọyún á sì lu awọ ìlù etí. A ó ní eyín ló ń hù. Kì í ṣe eyín o! Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti ń fìdí kalẹ̀ nìyẹn. Tó bá yá, a ó pe ọmọ, kò ní dáhùn. A ó ní aláìgbọràn ni, a ó nà án. Ṣé ó gbọ́ ni? Ẹ má da àdín tàbí omi ewé sí i. Ẹ nu ìta rẹ̀, kí ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn.

Ìyẹ́ adìẹ, igi ìṣáná, kọ́kọ́rọ́, gbogbo rẹ̀ là ń fi ro etí. Ìdọ̀tí etí máa ń jáde fúnra rẹ̀; ohun tí a ń tì bọ̀ ọ́ ló ń rọ́ ọ wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ata, ẹ̀yin tí jẹnẹrétọ̀ ń ké nídìí ìsọ̀ yín, bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹnìkejì yín tó gbọ́, ariwo yẹn ti pọ̀ jù. Etí tí ariwo bá bà jẹ́ kì í padà bọ̀ sípò. Ẹ dí etí, ẹ má sì pọn ọmọ sídìí ẹ̀rọ.

IMÚ: Ẹ̀yin ẹlẹ́lùbọ́ àti aláta gbígbẹ, ẹ fi aṣọ bo imú bí ẹ bá ń kù ú. Bí ihò imú ọmọ kan ṣoṣo bá ń rùn, ó ṣeé ṣe kó ti ki ẹ̀wà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ má da omi sí i, ẹ̀wà á wú. Bó bá jẹ́ bátìrì wẹ́wẹ́ ti aago ni, ẹ sáré lọ lójú ẹsẹ̀: láàárín wákàtí 2 ó lè jó inú imú. Bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má gbé orí sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ fún ibi tó rọ̀ nínú imú mọ́ra fún ìṣẹ́jú 10.

Ọ̀FUN: Eegun ẹja há, a ní ká gbé òkèlè ẹ̀bà ńlá mì. Òkèlè yẹn lè tì í wọnú ẹran ọ̀fun. Gígé belubelu lọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ìbílẹ̀ náà ti fa ẹ̀jẹ̀ dídà àti àìsàn ipá fún ọmọ púpọ̀. Àwa tí a ń polówó, bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ká má kàn máa lá oyin. Ó lè jẹ́ kókó ni.

Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń ro imú. Dókítà tó mọ̀ nípa etí ló yẹ ká gbé etí lọ bá, kì í ṣe ẹni tó ń kiri oògùn lọ́jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí fún ará ìsọ̀ yín tí kò mọ̀wé.