Ìfẹ́ Ẹlẹ́ni Mẹ́ta Lórí Yanrìn

Ìlù ló kọ́kọ́ dún níta. Amy Jolly fò dìde nídìí oúnjẹ, ìlẹ̀kẹ̀ péálì ọrùn rẹ̀ já, péálì sì fọ́n ká ilẹ̀. La Bessière, ọlọ́rọ̀ tó fi ìlẹ̀kẹ̀ náà ta á lọ́rẹ, tó ń ṣe àsè àdéhùn ìgbéyàwó wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ń wò ó. Kò dìgbà téèyàn bá ṣàlàyé kó tó mọ̀ pé ọkàn obìnrin yìí wà lọ́dọ̀ ọmọ ogun tó ń wọ̀lú bọ̀.

Fíìmù Morocco nìyí, tí Josef von Sternberg darí fún Paramount lọ́dún 1930. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tí Marlene Dietrich, ọmọ Jámánì, ṣe ní Hollywood. Dietrich ló ṣe Amy, akọrin ilé fàájì. Gary Cooper ṣe Tom Brown, ọmọ ogun tó ń jà fún Faransé. Adolphe Menjou ṣe La Bessière. California ni wọ́n ti yà á.

Ọdún mẹ́ta péré ni The Jazz Singer, fíìmù tó mú ohùn wọ sinimá, fi ṣáájú rẹ̀. Ohùn ni ilé iṣẹ́ fíìmù ń tà nígbà náà, òṣèré á dúró gbagidi nítòsí máíkìrófóònù, á máa rojọ́. Sternberg ò jẹ́ kí ẹnu gba iṣẹ́ ojú ṣe. Nígbà tí Tom pinnu pé òun ò ní bá Amy sá lọ mọ́, lípsítíìkì ló fi kọ ọ́ sára dígí. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ Amy sára tábìlì ilé ọtí. Amy rí i, ọ̀rọ̀ parí.

La Bessière ló ṣeni láàánú jù. Òun fúnra rẹ̀ ló fi mọ́tò gbé Amy lọ wá ọkùnrin tí wọ́n jọ ń du obìnrin kan ṣoṣo.

Fíìmù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n yìí rìn jìnnà. Ní Japan nígbà náà, benshi ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ sinimá, tí á máa sọ ìtàn fún èrò. Lọ́dún 1931, Morocco di fíìmù olóhùn àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán níbẹ̀, báyìí ni ìjẹ àwọn benshi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Nílé ní Amẹ́ríkà, wọ́n yan fíìmù náà fún ẹ̀bùn Oscar mẹ́rin, kò gba ọ̀kan. Dietrich wà lára àwọn tí wọ́n yàn. Wọn ò yàn án mọ́ láyé rẹ̀.

Níparí, àwọn ọmọ ogun forí lé aṣálẹ̀. Àwọn obìnrin tó máa ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fa ewúrẹ́ dání. Bàtà gogoro ló wà lẹ́sẹ̀ Amy, yanrìn ò sì gbà á. Ó bọ́ ọ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀lé wọn. Kò sí orin: ìlù ń jìnnà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, títí àwòrán fi ṣú.