Ṣé Ó Tọ́ Kí A Máa Ta Ìdọ̀tí Odò Lọ́jà?

 

Inú ọjà ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti wá. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, bàbá kan tí ń ta àgbàdo àti ajílẹ̀ ní Ìlọrin níbí dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Ó ní, "Àáfà, ọmọ mi sọ fún mi lórí fóònù pé níbi tí òun wà, wọ́n ń ra ìdọ̀tí odò, wọ́n sì ń tà á. Ó ní àgbẹ̀ a gba owó, ilé-iṣẹ́ a sì gba ìyọ̀ǹda láti da omi ẹlẹ́gbin sínú odò. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe háráámù? N kò fẹ́ kí ọmọ mi lọ kọ́ iṣẹ́ tí yóò mú iná wọlé tọ̀ wá."

Mo ní kí ó fún mi láyè, nítorí ẹni tí kò bá mọ ọjà kan kò gbọdọ̀ dájọ́ lórí rẹ̀. Mo bi ọmọ náà léèrè, mo ka ohun tí mo lè kà, mo sì bi àwọn tí ó mọ̀ jù mí lọ. Ohun tí mo rí ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti bàbá yẹn nìkan. Ó kan gbogbo àwa tí Odò Asà ń gba àárín ìlú wa kọjá.

ODÒ TIWA

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ilé. Odò Asà ti gúúsù wá, ó la Ìlọrin sí méjì, ó sì ń ṣàn lọ sí àríwá títí omi rẹ̀ fi dé Odò Ọya. Òun ni wọ́n sé lápá òkè kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ mu. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé kéwú, omi odò ni a ń pọn láti fi fọ wàláà, a sì ń mu omi tí a fi fọ̀ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí a kọ sí i lára. Lónìí n kò ní gbà kí ọmọ kéwú mi kan fi ẹnu kan omi Asà nísàlẹ̀ ìlú. Omi ilé-iṣẹ́ ń wọ inú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ń wọ inú rẹ̀. Pàǹtí ọjà ń wọ inú rẹ̀. Àwọn tí ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn ń da ajílẹ̀ sílẹ̀, òjò sì ń gbá a lọ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìlọrin ti bu omi náà wò nígbà púpọ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé omi tí ń jáde láti ilé-iṣẹ́ ń bà á jẹ́.

Ní ọ̀nà Imáàmù Málíkì tí àwa ará Ìlọrin ń tọ̀, omi tí àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ bá yí padà nítorí ohun ẹlẹ́gbin kò ṣe é fi ṣe àlùwàlá. Ojú, ahọ́n àti imú ni òṣùwọ̀n tí àwọn aṣíwájú wa fi lé wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú omi lónìí tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí ajílẹ̀ òyìnbó bá yòrò sínú omi, ojú kì í rí i mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi gbèdéke sí i pé náítírétì inú lítà omi mímu kan kò gbọdọ̀ ju 50 mílígíráàmù lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè ṣe ọmọ ọwọ́ tí a fi omi náà po oúnjẹ fún ní jàǹbá, nítorí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní lè gbé atẹ́gùn bí ó ti yẹ mọ́. Ẹ di ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n yìí mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà dúró lé.

BÍ ÒWÒ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1969, epo àti pàǹtí tí ó bo odò Cuyahoga ní ìlú Cleveland, ní Ohio yìí kan náà, gbiná. Odò ni mo wí, kì í ṣe igbó! Ní 1972 ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin ńlá lórí omi. Òfin náà di ilé-iṣẹ́ mú, ó sì di àwọn ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ìlú mú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní páìpù tí ń da omi sínú odò gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tí ó sọ ìwọ̀n ohun tí ó lè dà síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n oko kò ní páìpù. Òjò ni í gbá ajílẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran kúrò lórí oko, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí yóò fi di púpọ̀ nínú odò. Òfin 1972 kò ká wọn mọ́. Nítorí náà ilé-iṣẹ́ náwó, síbẹ̀ omi ń bàjẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nǹkan bí 400,000 ènìyàn ní Toledo àti àyíká rẹ̀ ní Ohio kò lè mu omi ẹ̀rọ wọn fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tútù kan tí ń hù lójú omi ti bo adágún Erie, ó sì ní májèlé nínú. Ajílẹ̀ fọ́sífọ́rọ́sì tí ń ti orí oko wá ni olórí ohun tí ń bọ́ ọ. Bí a bá tilẹ̀ se omi náà, májèlé náà kò ní kú.

Ọ̀mọ̀wé kan ní Kánádà, J. H. Dales, ti kọ ìwé ní 1968 pé bí ìjọba bá fi gbèdéke sí ìdọ̀tí, kí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ ara wọn. Ní 2003, àjọ tí ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde fún irú òwò yìí lórí omi.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ọjà ṣe é fún yín. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé òfin ní kí ilé-iṣẹ́ kan mú 100 kílò ìdọ̀tí kúrò nínú omi rẹ̀. Bí ó bá fi ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe é, kílò kan yóò jẹ ẹ́ ní ₦5,000, àpapọ̀ rẹ̀ ₦500,000. Àgbẹ̀ kan wà lápá òkè odò tí ó lè dá kílò kan dúró lórí oko rẹ̀ ní ₦1,000, bí ó bá gbin koríko sí etí odò tàbí tí ó gbin ohun tí yóò bo ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ilé-iṣẹ́ yóò san owó fún àgbẹ̀, wọn yóò sì ka iṣẹ́ àgbẹ̀ náà sí ti ilé-iṣẹ́. Kírẹ́díìtì ni wọ́n ń pe ẹ̀rí iṣẹ́ náà. Kì í ṣe àwìn o! Ìwé tí ó fi hàn pé ìdọ̀tí báyìí-báyìí kò dé inú odò ni.

Ní agbègbè odò Great Miami ní Ohio, irú òwò yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti 2005. Ní 2012, ìpínlẹ̀ Ohio, Indiana àti Kentucky fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan náà lórí odò Ohio. Ní 2014 ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná mẹ́ta kọ́kọ́ ra kírẹ́díìtì níbẹ̀. Wọn kò fi ohun tí wọ́n rà yẹn da ìdọ̀tí kún odò. Wọ́n rà á láti dán ọjà náà wò ni.

MÚDÙ TÍ A FI Ń WỌ̀N ỌJÀ NÁÀ

Níbí ni ìbéèrè tí ó le wà. Ilé-iṣẹ́ ní páìpù. A lè gbé ìgò sí ẹnu rẹ̀ kí a wọn ohun tí ń jáde. Báwo ni a ó ṣe wọn ohun tí kò tí ì kúrò lórí oko? Bí àgbẹ̀ bá ní, "Mo ti dá 200 kílò dúró," ta ni yóò rí i? Àwọn onímọ̀ wa ti sọ fún wa láti ìgbà pípẹ́ pé títa ẹja tí ó ṣì wà nínú odò, tàbí ẹyẹ tí ó ṣì wà lójú ọ̀run, kò dára, nítorí ẹni tí ń rà kò mọ ohun tí òun rà. Bí kò bá sí òṣùwọ̀n, kírẹ́díìtì yìí yóò dà bí ẹja inú odò.

Iṣẹ́ àwọn olùṣèwádìí nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó mú un kúrò nínú èyí. Ní Coshocton, ní Ohio, láti sáà 1930, wọ́n wọn omi tí ń ṣàn kúrò lórí oko fún ohun tí ó lé ní 70 ọdún. Wọ́n gé odindi ilẹ̀ tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, wọ́n fi ògiri yí i ká, wọ́n sì gbé e lé orí òṣùwọ̀n pẹ̀lú ohun ọ̀gbìn tí ó wà lórí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n mọ iye omi tí ó wọlé, èyí tí ó sẹ̀ sísàlẹ̀, àti ohun tí ó gbé lọ. Ẹ wo ìfaradà! Nínú irú ìwádìí báyìí ni wọ́n ti mọ ohun tí koríko etí odò lè dá dúró lórí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ́, àti lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Yunifásítì Tarleton ní Texas, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀gbìn, ti kó irú ìmọ̀ yìí sínú kọ̀ǹpútà: bí a bá sọ ibi tí oko wà, irú ilẹ̀ rẹ̀ àti ohun tí a gbìn, yóò ṣírò ohun tí òjò yóò gbé lọ.

Síbẹ̀, ìṣirò kì í ṣe ojú rí. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ fi ní kí ilé-iṣẹ́ ra kílò méjì lọ́dọ̀ àgbẹ̀ dípò kílò kan tirẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ mọ èyí: èènì ni! Nínú àpẹẹrẹ wa, ilé-iṣẹ́ yóò ra 200 kílò ní ₦200,000. Ó jèrè ₦300,000, odò sì jèrè èènì.

KÍ NI ISLAM SỌ?

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kọ́ wa pé àjọni ni omi, koríko àti iná jẹ́ fún ènìyàn. Ó tún kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ ṣe ara wa ní jàǹbá. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní odò tí ó lè ta ìbàjẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìyọ̀ǹda láti ba odò jẹ́ ni wọ́n ń tà, háráámù ni, kò sí àní-àní. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2012 ẹgbẹ́ méjì pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí irú òwò yìí ní àyíká omi Chesapeake, ilé ẹjọ́ sì dá ẹjọ́ náà nù ní 2013. N kò fi àwọn ẹgbẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí.

Ṣùgbọ́n ní tèmi, ohun tí àgbẹ̀ tà kì í ṣe ìdọ̀tí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó tà, owó iṣẹ́ sì jẹ́ háláálì, bí ohun mẹ́ta bá pé.

Èkíní, gbèdéke gbọ́dọ̀ ṣáájú. Níbi tí kò bá sí òfin tí ó sọ pé "ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ", kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń rà. Èkejì, òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́. Gbogbo wa ni a mọ ìkìlọ̀ líle tí Ọlọ́run fún àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù nínú Súrà Al-Mutaffifin. Ẹni tí ó bá purọ́ lórí kílò ìdọ̀tí kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó lu ìdí múdù wọlé. Ẹ̀kẹta, a kò gbọdọ̀ fi ẹnikẹ́ni rúbọ. Bí àgbẹ̀ bá tún omi ṣe ní ọ̀nà jíjìn, tí abúlé tí ó wà lẹ́nu páìpù sì ń mu májèlé, èrè náà ti di jàǹbá. Ìlànà 2003 pàápàá kò fọwọ́ sí i kí a fi májèlé tí ń pẹ́ nínú ara ṣe irú òwò yìí.

ÀWA ŃKỌ́?

Kò sí irú òwò yìí lórí Odò Asà, n kò sì ní kí a sáré lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé a kò tí ì ṣe ohun tí ó ṣáájú rẹ̀ bí ó ti yẹ. A ní òfin: láti 2007 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ NESREA sílẹ̀ láti máa mú òfin àyíká ṣẹ, ìlànà lórí omi odò sì jáde ní 2011. Ṣùgbọ́n òfin láìsí òṣùwọ̀n dà bí ọjà láìsí múdù: ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá le jù ni yóò jèrè. A kò ṣe aláìní àwọn tí ó lè wọ̀n ọ́n. Yunifásítì wà níbí, àjọ odò Ọya Ìsàlẹ̀ wà níbí, ilé-ẹ̀kọ́ ARMTI wà níbí. Kí wọ́n wọn omi tí ń ṣàn kúrò lórí oko àgbàdo àti ewébẹ̀ wa, ní ẹ̀ẹ̀rùn àti ní òjò. Kí ìjọba sì jẹ́ kí a máa ka ohun tí wọ́n rí fún àwọn ará ìlú ní èdè tí a gbọ́. Àwa imáàmù yóò kà á ní mọ́sálásí.

Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ fi koríko sílẹ̀ ní etí odò. Ẹ má da ajílẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú. Owó yín ni odò ń gbé lọ. Ẹ̀yin tí ń ta ajílẹ̀, ẹ sọ ìwọ̀n tí ó tó fún oníbàárà, kódà bí yóò bá ra àpò kan dípò méjì. Ẹ̀yin alápatà, ẹ má fi odò ṣe ààtàn.

Ní ti bàbá oníbéèrè wa, ìdáhùn mi nìyí: bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ́ láti wọn omi ní òtítọ́, àmánà ni ó gbé lọ́wọ́, àwa pàápàá nílò rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé kí ó má ṣe dín òṣùwọ̀n kù nítorí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ilé-iṣẹ́, ìbáà ṣe ìjọba.

Kí Ọlọ́run Ọba tí ó fi omi dá ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ba tiwa jẹ́. Àmín.