Bí kọ̀ǹpútà ṣe lè bá ìlù wa rìn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Adja-Ouèrè, ní Ikpinlè, ní Massè títí dé Tatonnonkon, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ìlù àti orin sílẹ̀, tí ẹ sì ń tún un ṣe nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ lónìí. Ìlù kan lè dùn gan-an lójú agbo, kó wá di pé ó ń tiro nígbà tó bá jáde nínú kọ̀ǹpútà. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe onílù ló ṣì í lù.

Nínú logiciel orin bíi FL Studio, tí ilé iṣẹ́ Image-Line ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé jáde ní 1997, tàbí LMMS tó jẹ́ ọ̀fẹ́, a lè ya ìlà kan tó ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. Courbe ni Faransé ń pè é. Ó dà bí ọwọ́ tó ń yí bọ́tìnnì rédíò: bí ìlà bá gòkè, ohùn á pọ̀, bó bá sọ̀ kalẹ̀, ohùn á dínkù. A lè fi darí gbohùngbohùn náà, tàbí asẹ́ tó ń yọ ohùn tín-ín-rín kúrò. Bó bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Tempo orin ló ń sọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀ padà.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ká ní tempo jẹ́ 100, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ oníjó ń kanlẹ̀ nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú kan. Milliseconde 600 ni ẹsẹ̀ kan gbà. Bí ẹ bá yan 1/16, kọ̀ǹpútà á pín in sí mẹ́rin: 150, 300, 450, 600. Ṣùgbọ́n mẹ́ta mẹ́ta la máa ń ka ọ̀pọ̀ ìlù wa. Ẹ fetí sí agogo dáadáa: 200, 400, 600. Àwọn méjèèjì kò pàdé àfi ní 600. Gbogbo àárín yẹn, ìjà ni. 1/8T ni kí ẹ yàn. T yẹn ni triolet, ìpín mẹ́ta.

Àwọn àgbà onílù kì í sì í lù bí aago. Bí agbo bá gbóná, wọ́n á sáré díẹ̀, adùn rẹ̀ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Bí ìlù bá kúrò ní 100 bọ́ sí 104, kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀ nígbà 13, ìlà yẹn ti fi ìdajì ẹsẹ̀ kan rẹ̀yìn. Ẹ má fipá mú àwọn bàbá lu bí aago o! Ẹ ka tempo apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà níbi tó ti yí padà.

Ibi tó le jù ni ìyáàlù tó ń fọhùn àti ẹnu olórin. Ìlà tó ń yí ohùn òkè sí ohùn ìsàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kàn wọ́n rárá. Ọkọ́ tí a fi ń ro oko lè di ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí Pobè. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO ti kà mọ́ àjogúnbá aráyé láti 2001, ṣebí torí ọ̀rọ̀ ẹnu Ẹ̀fẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń jókòó títí ilẹ̀ fi ń mọ́?

Gìtá tàbí piano ni kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára. Ẹ pa ìlù yòókù, kí ẹ fi agogo nìkan sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ìlà náà ń bá a rìn, kí ẹ tó dá wọn padà.