Sólà Tí Ó Ṣeé Ká: Iná fún Abà Oko àti fún Ilé

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ ń dáko ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ẹmùré àti ní gbogbo gúúsù Èkìtì, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti oògùn kòkó. Ọ̀rọ̀ iná ni: iná tí àgbẹ̀ lè ká bí ẹní, kí ó kì í bọ àpò, kí ó gbé e lọ sí abà, kí ó sì gbé e padà wálé ní ọjọ́ tí ó bá ń bọ̀.

Nígbà tí kòkó bá wà lójú oòrùn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín ni kì í lè fi abà sílẹ̀. Ẹ ń sùn síbẹ̀ ní oru mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí olè má baà kó kòkó lọ, kí òjò àìròtẹ́lẹ̀ má sì baà pa á. Ní ọjọ́ kejì, tẹlifóònù ti kú. Ní ọjọ́ kẹta, tọ́ọ̀ṣì náà kò mọ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó wà nílé kò mọ̀ bóyá ẹni tí ó wà lóko jí ire. Nígbà kan rí, a lè fi irú ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ kò tíì gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan láti Ẹmùré lọ́nà, tí wọ́n kó àwọn ọmọdé àti àwọn olùkọ́ wọn wọ igbó lọ, tí ó sì jẹ́ pé ọjọ́ 4 oṣù kejì ni àwọn ọmọ náà tó rí ìdáǹdè. Tẹlifóònù tí ó ní iná nínú kò lè lé ajínigbé, ṣùgbọ́n òun ni a fi ń pe ará ilé, òun náà ni a sì fi ń pe àwọn Àmọ̀tẹ́kùn. (Ní abà tí ẹ ti ní láti gun orí àpáta kí ẹ tó gbọ́ ohùn ẹni tí ẹ ń pè, sólà kò ní àtúnṣe kankan fún ìyẹn.)

Kí ni sólà yìí gan-an? Awo dúdú pẹlẹbẹ ni, tí ó ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Kì í ṣe ooru ni ó ń lò, ìmọ́lẹ̀ ni. Ooru a tilẹ̀ máa dín agbára rẹ̀ kù. Ní oṣù kẹrin ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilé-iṣẹ́ Bell ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi irú èyí tí a ń lò lónìí hàn ní gbangba. Bí ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ lé e nígbà náà bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí mẹ́fà péré ni ó ń sọ di iná. Èyí tí ó dára lóde òní ń sọ nǹkan bí ogún. Ti èyí tí ó ṣeé ká ni pé wọ́n pín in sí awẹ́ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n sì rán an mọ́ aṣọ líle, tí ó fi ń pa dé bí ìwé.

A kò ní tàn yín. Fún ilé tí ènìyàn ń gbé lójoojúmọ́, sólà onígíláàsì tí a ń kàn mọ́ òrùlé ni kí ẹ rà bí agbára bá ká a. Òun ni ó ń pẹ́ jù, ó lè lo ọdún 25, owó rẹ̀ sì kéré sí iye iná tí ó ń mú wá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ṣọ́ ọ ní abà tí a ń fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì? Ní Gbámú-Gbámú, abúlé àgbẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n ṣí ilé iná sólà 85 kilowáàtì ní ọdún 2018, wọ́n sì fa wáyà láti ojúlé dé ojúlé. Ibi tí ilé bá pọ̀ sójú kan ni irú ìyẹn ti ń pé. Ahéré mẹ́ta tí ó wà láàárín kòkó kò lè ru ẹrù bẹ́ẹ̀. Èyí tí a ń ká yìí ń bá olówó rẹ̀ lọ, ó sì ń bá a bọ̀, olè kò sì ní bá a lórí òrùlé.

Àwọn kan yóò ní jẹnẹrétọ̀ kékeré ti tó àwọn. Epo bẹntiróòlù tí jálá rẹ̀ kò tó 200 náírà kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Yàtọ̀ sí owó, èéfín jẹnẹrétọ̀ a máa pa ènìyàn lójú oorun, láìjẹ́ kí ó mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe òun. Ẹ má ṣe gbé e sínú ahéré, ẹ má sì ṣe gbé e sí ẹnu fèrèsé, ìbáà jẹ́ nítorí olè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò báyìí. Iye tí a ń fi wọn agbára sólà ni wáàtì. Bí ẹ bá ra èyí tí ó jẹ́ 60 wáàtì ní tòótọ́, kí ẹ ka wákàtí mẹ́rin oòrùn tí ó dára fún un lójúmọ́. 60 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 240. Wáyà, ooru àti bátìrì yóò jẹ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, èyí tí ó kù fún yín yóò jẹ́ 180. Gílóòbù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 5, tí ẹ tàn fún wákàtí márùn-ún, yóò gba 50. Tẹlifóònù méjì yóò gba 30. Rédíò kékeré yóò gba 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100, ó sì ku 80. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ oníbátìrì tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fọ́n oògùn kòkó, ẹ wo ara bátìrì rẹ̀: ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ fóltì 12 àti 8Ah sí. 12 lọ́nà 8 jẹ́ 96, ó sì máa ń gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó kún. Nítorí náà, ọjọ́ tí ó bá ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó fọ́n oògùn, ẹ fi oòrùn ọjọ́ náà sílẹ̀ fún bátìrì ẹ̀rọ, kí rédíò sì sinmi.

Ohun tí ó bá ń gbóná kì í ṣe ẹgbẹ́ sólà yìí: áyọ́ọ̀nù, ìkòkò iná, sítóòfù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga àti ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ fún yín pé èyí tí a ń kì bọ àpò lè gbé wọn, ọjà ni ó fẹ́ tà.

Èyí mú wa dé ibi tí owó ti ń sọnù jù. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, tí mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, mo ra ọ̀kan tí wọ́n kọ 100 wáàtì gàdàgbà sí lára. Mo gbé e lọ sí abà kan lọ́nà Ìsẹ̀ láti fi han àwọn àgbà. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tẹlifóònù kan ṣoṣo kò kún. Bàbá kan wò mí títí, wọ́n ní, “Agíríkì, ọmọ mi, àbí oòrùn ni kò tó?” Oòrùn ọ̀hún ń jó gbogbo wa lórí níbi tí a jókòó sí. Nígbà tí mo padà délé ni mo tó ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe ní ọjà: mo fi okùn wọ̀n ọ́n. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ lóròó lọ.

Ìwọ̀n náà nìyí, ẹ dì í mú. Ibi tí ó dúdú lára sólà ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe etí aṣọ rẹ̀. Ibi tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó, kò lè mú ju nǹkan bí 20 wáàtì jáde, ẹni yòówù kí ó ṣe é. Sólà 60 wáàtì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó irú rẹ̀ mẹ́ta, ti 100 wáàtì sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó márùn-ún, ó kéré tán. Èyí tí mo rà kò lè kọjá 30, àní bí ó bá dára, kò sì dára.

Ní ti ibi tí a ó tẹ́ ẹ sí, ẹ̀yin ni olùkọ́ wa. Ẹni tí ó mọ ibi tí a ń sá kòkó sí mọ ibi tí a ń sá sólà sí. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà: bí òjìji ewé bá bọ́ lé igun kan ẹní kòkó, igun náà nìkan ni kò ní gbẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ lé igun kan sólà, ó lè sọ gbogbo rẹ̀ di aláìlágbára. Àwọn ojú dúdú ara rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn bí àwọn ènìyàn tí ń fi garawa omi lé ara wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá sùn, omi dúró. Nítorí náà ẹ gbé e kúrò lábẹ́ igi kòkó pátápátá, kí ẹ sì máa wò ó bí oòrùn ti ń yí.

Ìkẹ́rẹ́ àti àwọn ìlú tí ó yí i ká wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.5 ní àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Láti oṣù kẹsàn-án títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, tí í ṣe àsìkò kòkó wa gan-an, oòrùn ọ̀sán ń gba ìhà gúúsù. Ẹ jẹ́ kí sólà dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ìhà ibẹ̀. Ní àwọn oṣù yòókù, oòrùn ọ̀sán ń bọ́ sí ìhà àríwá, ẹ sì lè tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ẹni tí ó bá ráyè, kí ó kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn láàárọ̀, kí ó sì yí i sí ìwọ̀-oòrùn bí ọ̀sán bá yẹ̀. Èrè rẹ̀ kò kéré. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nu eruku rẹ̀ láràárọ̀, ẹ má fi iyanrìn tàbí kànrìnkàn bó o. Nígbà tí òjò bá pọ̀ tí ìkùukùu sì bo ojú ọ̀run, ẹ má retí ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Sólà ni kí ó wà lójú oòrùn. Kí bátìrì wà ní ìbòòji. Àṣìṣe tí a ń rí jù nìyí: wọ́n á so bátìrì kékeré tí a fi ń gbé iná fún tẹlifóònù mọ́ sólà, wọ́n á sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lórí àpáta. Bátìrì líṣíọ̀mù tí iná ń wọ̀ nígbà tí ó gbóná ju ìwọ̀n 45 ti Celsius lọ ń kú láti inú, òmíràn a sì máa wú, a máa gbiná. Ẹ ra wáyà tí ó gùn tó láti wọ inú ahéré. Bátìrì olójèé, irú èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìfọ́n oògùn, ẹ má ṣe so ó mọ́ sólà láìsí kọ́ńtúrólà láàárín wọn, ẹ má sì jẹ́ kí iná inú rẹ̀ tán kọjá ìdajì. Ẹ má ká sólà nígbà tí ó tutù. Ẹ má gbé ohunkóhun lé e. Ẹ lé ewúrẹ́ jìnnà sí i.

Nígbà tí ẹ bá padà délé, tí iná NẸ́PÀ bá lọ (a ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀, bí orúkọ náà tilẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún 2005), sólà kan náà àti bátìrì rẹ̀ ni yóò tan gílóòbù fún àwọn ọmọ tí ń kàwé. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti so ó mọ́ wáyà inú ògiri.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, láti ọdún 1935 ni òfin yín ti wà ní ilẹ̀ yìí, nítorí kí àgbẹ̀ má baà dá dúró níwájú oníṣòwò. Ẹ lò ó nínú ọ̀ràn yìí. Bí ènìyàn ogún bá fẹ́ ra sólà, ẹ kọ́kọ́ san owó ẹyọ kan. Ẹ ya mítà kékeré tí a fi ń wọn iná lọ́dọ̀ ẹni tí ń ṣiṣẹ́ iná ní ìlú. Ẹ tẹ́ sólà náà síta ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn mú, kí ẹ so ó mọ́ bátìrì tí kò tíì kún. Bí wọ́n bá kọ 100 sí i lára, tí mítà sì fi 70 sí 80 hàn, kò burú. Ẹ lè ra ti àwọn yòókù. Bí ó bá jẹ́ 30, ẹ gbé e padà fún ẹni tí ó tà á ní ọjọ́ náà gan-an. Ọjọ́ ìpàdé ni kí ẹ ṣe é, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àti ìyá àti bàbá, fi ojú ara wọn ka mítà náà kí akápò tó ṣí àpótí.