Ṣé ọ̀pẹ tí ẹ gbìn sílé léwu fún ajá yín? Ẹ wo èyí tó lè pa á

Nílùú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, igi tó jọ ọ̀pẹ wọ́pọ̀ lójúde ilé àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó.

Àmọ́ gbogbo ohun tó jọ ọ̀pẹ kọ́ ni ọ̀pẹ.

Àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko ní Amẹ́ríkà, ASPCA, sọ pé ọ̀pẹ areca, tí wọ́n sábà máa ń gbìn sínú ìkòkò, kò ní májèlé fún ajá.

Èyí tó léwu ni Cycas revoluta. Ó kúrú, ìdí rẹ̀ ki, ewé rẹ̀ le, ó sì mú ṣóṣóró lẹ́nu. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní májèlé, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ ló burú jù. Kóró kan tàbí méjì lè pa ajá, torí májèlé cycasin inú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Bí ajá bá jẹ ẹ́, ó lè máa bì, kó yàgbẹ́ gbuuru, tàbí kí gìrì mú un.

Ẹ má dúró kí àmì yìí tó yọ. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, kí ẹ sì mú ewé igi náà dání.